Igbó Inú Ìwé àti Igbó Ẹ̀yìn Ilé Wa

Ní ìpàdé àwọn òbí àti olùkọ́ tí a ṣe gbẹ̀yìn, bàbá kan dìde ní ìlà kẹta, ó gbé ìwé méjì sókè kí gbogbo wa lè rí wọn. Ó ní inú yàrá ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ wa ni àwọn ọmọ òun ti yá wọn wálé. Nínú èyí àkọ́kọ́, òun bá ẹ̀dá abàmì kan pàdé tí ojú mẹ́rìndínlógún yí orí rẹ̀ ká. Èkejì jẹ́ ìtàn àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ jagun ní ọdún tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò ní bá láyé. Ó wá béèrè pé, nínú ilé-ẹ̀kọ́ tí a fi orúkọ Jésù dá sílẹ̀, kí ni iwin àti ìbọn ń wá? Àtẹ́wọ́ tí wọ́n pa fún un kò kéré.

Ọ̀rọ̀ náà bá wa níbi tí ó ti dùn wá, nítorí àwa mélòó kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ni a kó àwọn ìwé náà jọ, tí a sì dì wọ́n sínú búùtù ọkọ̀ wá sí Òkè-Ako. A kò fèsì lọ́jọ́ náà. Bàbá tí ó sọ̀rọ̀ jù wá lọ lọ́jọ́ orí, ìbínú rẹ̀ kò sì ṣàìní ìdí, gẹ́gẹ́ bí a ó ti sọ níwájú. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bi ní ìbéèrè ní láti dáhùn, olóòtú ìwé àjọ̀dún yìí sì ti fi àyè sílẹ̀ fún wa.

Kí a ti orí olójú mẹ́rìndínlógún bẹ̀rẹ̀. Agbákò ni orúkọ rẹ̀. Inú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ni ó wà, ìwé tí Olóyè D. O. Fágúnwà kọ, tí ó sì jáde ní ọdún 1938. Ta ni ó tẹ̀ ẹ́ jáde? Ilé ìtàwé CMS ni, ìjọ kan náà tí ó mú Bíbélì àti ìwé orin wá fún àwọn bàbá wa. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ni òǹkọ̀wé náà, Kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Andrew's ní Ọ̀yọ́ ni ó sì ti kọ́ iṣẹ́. Bí Agbákò kò bá ba àwọn àlùfáà ìgbà náà lẹ́rù, ó yẹ kí a béèrè ohun tí wọ́n rí lára rẹ̀. A gbà pé wọ́n ti mọ ọ̀nà tí ó gbà wá. Láti ọdún 1866 ni àwọn Kristẹni ilẹ̀ Yorùbá ti ní Ìlọsíwájú Èrò-Mímọ́ lọ́wọ́ ní èdè wọn, èyí tí David Hinderer, òjíṣẹ́ CMS ní Ìbàdàn, túmọ̀ láti inú ìwé John Bunyan. Nínú ìwé yẹn náà, arìnrìn-àjò kan bá abàmì oníyẹ̀ẹ́ jà lójú ọ̀nà, òmìrán sì tì í mọ́lé. Kò sí òbí kan tí a mọ̀ tí ó gbé e sókè ní ìpàdé rí.

Kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì kan ṣoṣo ni à ń pè ní yàrá ìkàwé nígbà tiwa. Àgádágodo wà lẹ́nu rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ olùkọ́ tí ó ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ Bíbélì, ẹni tí kì í yára rẹ́rìn-ín. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ gbé Fágúnwà fún wa. Lẹ́yìn ìkàwé alẹ́, tí iná bá ti lọ, ẹnìkan nínú wa a tan àtùpà, a sì ka ojú ewé mẹ́ta tàbí mẹ́rin sókè, àwọn tí ó kù a jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọn a fi aṣọ bo orí. Ẹni tí ohùn rẹ̀ ki ni a máa ń fún ní ọ̀rọ̀ Àkàrà-ògùn kà. Ní òru ọjọ́ tí a ka Agbákò, kò sí ẹni tí ó dá nìkan lọ tọ̀ nínú ilé náà. Méjì-méjì ni a ń jáde, ẹni tí ó sì jẹ́ akọni jù lọ ní ọ̀sán ni ó ń bẹ ẹlòmíràn jù ní òru. Bí ó bá jẹ́ pé ìwé náà mú ẹnikẹ́ni nínú wa lọ sí ìdí ìbọ, a kò tíì rí onítọ̀hún. Ohun tí a mọ̀ ni pé àwọn akọni ọdẹ náà kò rí ìṣúra gbé bọ̀ láti Òkè Láńgbòdó ju ẹ̀kọ́ lọ, ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ méje láti ẹnu Ìrágbèje. Ọmọ ilé-ìwé tí ó bá ka ìyẹn tán mọ̀ pé olùkọ́ ni ó kọ ọ́.

Síbẹ̀, ohun tí ó ń bani lẹ́rù jù nínú ìwé náà kì í ṣe Agbákò, bàbá wa kò sì mẹ́nu kàn án rárá. Kako ni. Ẹ ó rántí rẹ̀, Kako Oníkùmọ̀ Ẹkùn, ẹni tí gbogbo wa fẹ́ jẹ́ nígbà tí a wà ní kíláàsì kejì. Nígbà tí Àkàrà-ògùn wá pè é sí ìrìn-àjò, ìgbéyàwó ni ó ń ṣe lọ́wọ́. Ìyàwó dì mọ́ ọn, kò fẹ́ kí ó lọ. Kako yọ àdá, ó sá obìnrin náà pa, ó sì bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. A kà á lálẹ́ ọjọ́ kan, a sì ṣí ojú ewé tí ó tẹ̀lé e. Ó dùn wá láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni ó rí: ara wa ti wà lọ́nà láti dé inú igbó. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà kí ọ̀kan nínú wa tó ka ibẹ̀ fún ọmọbìnrin rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́tàlá. Ọmọ náà ní kí bàbá òun jọ̀wọ́ tún un kà. Bàbá tún un kà. Ọmọ dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Dádì, ta wá ni wọ́n ń lọ jà fún?”

Ìbéèrè yẹn ni a fi ń wo gbogbo ìwé ogun láti ìgbà náà. A kò ní gbé Ògbójú Ọdẹ kúrò lórí pẹpẹ nítorí Kako. A kò sì ní kí olùkọ́ fo ojú ewé náà. Ẹ jẹ́ kí ó dúró níbẹ̀, kí ó sì béèrè ohun tí ọmọ yẹn béèrè.

Ó kan ìwé kejì wàyí, ti àwọn ẹ̀rọ ajagun. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè: òǹkọ̀wé a mú ogun, a gbé e sí ọjọ́ iwájú tàbí sí òfuurufú láàárín àwọn ìràwọ̀, a sì fi ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe ohun ìjà rẹ̀. Àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀, àwọn àgbà a máa pè é ní eré ọmọdé. Àwa náà pè é bẹ́ẹ̀ títí a fi ka The War of the Worlds tí H. G. Wells kọ. Ní 1897 ni ìtàn náà kọ́kọ́ ń jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ní Ìlú Ọba, ó sì di odindi ìwé ní 1898. Àwọn àjèjì láti Máàsì balẹ̀ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ìtànṣán tí ń jó ènìyàn di eérú láti òkèèrè. Ìbọn ńlá àwọn ọmọ ogun ọba kò sì tó nǹkan lójú wọn. Nínú orí kìn-ín-ní gan-an ni Wells ti rán àwọn ènìyàn rẹ̀ létí ohun tí àwọn òyìnbó ṣe sí àwọn ará Tasmania, ó sì bi wọ́n bóyá ẹnu wọn gbà á láti ráhùn bí àwọn ará Máàsì bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí wọn.

Ẹ wo ọdún yẹn dáadáa. Ní oṣù kìn-ín-ní 1897 ni ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company fi ìbọn Maxim ṣẹ́gun Bídà, ní oṣù kejì wọ́n ṣẹ́gun Ìlọrin. Àwọn ẹlẹ́ṣin Nupe àti ti Ìlọrin tí wọ́n ti da àwọn ìlú apá àríwá Èkìtì láàmú fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú, pàdé ohun tí agbára ẹṣin kò ká. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, àwa náà ti jẹ́ ará Máàsì fún ẹlòmíràn rí. Nígbà ogun Kírìjì, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n wà ní Èkó ra ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí Èkìtìparapọ̀, èyí tí wọ́n ń ki ọta rẹ̀ láti ìdí tí kò sì fi àkókò ṣòfò bí ṣakabùlà. Ìró àwọn ìbọn yẹn ni wọ́n fi sọ ogun náà lórúkọ. Ọdún 1886 ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà, 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó tú ká kúrò lójú ibùdó. Àwọn kan nínú àwọn tí ogun kó lẹ́rú sì padà wálé pẹ̀lú Bíbélì lọ́wọ́. Láti ọwọ́ irú wọn ni ìwé ti dé ilẹ̀ Èkìtì, títí ó fi di ilé-ẹ̀kọ́ tí a ń ṣe àjọ̀dún rẹ̀ lónìí. Ọmọ tí ó bá ka Wells ní Òkè-Ako yóò rí ohun tí ọmọ London kò lè rí, bí olùkọ́ rẹ̀ bá nawọ́ sí i.

Kì í ṣe gbogbo irú ìwé yìí ni a fara mọ́. Robert Heinlein ará Amẹ́ríkà kọ Starship Troopers ní 1959. Ó mọ ìtàn sọ, ìyẹn kò ṣeé jiyàn. Ṣùgbọ́n nínú ayé tí ó gbé kalẹ̀, àwọn tí wọ́n ti sin ìjọba nínú iṣẹ́ ogun àti irú rẹ̀ tán nìkan ni wọ́n lè dìbò tàbí kí wọ́n dé ipò àṣẹ, ìwé náà sì ń bá wa sọ ọ́ bí ẹni pé ó dára bẹ́ẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ìyẹn dùn létí ẹni tí sójà kò jẹ lé lórí rí. Ní tiwa, láti 1966 títí di 1999, bí ọdún 29 ni àwọn ológun fi ṣe ìjọba wa. A rántí orin ológun lórí rédíò ní àárọ̀. A rántí àwọn bàbá wa tí wọ́n ń rẹ ohùn sílẹ̀ nínú yàrá tiwọn fúnra wọn. A kò yọ ìwé Heinlein kúrò. A tẹ bébà pélébé kan mọ́ inú èèpo rẹ̀, a kọ àwọn ọdún wọ̀nyẹn sí i, kí ọmọ tí ó bá ń kà á lè bi bàbá rẹ̀ àgbà bí ó ti rí.

Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni a to The Forever War sí, ti Joe Haldeman, tí ó jáde ní 1974. Haldeman ja ogun Vietnam, ó sì fara gbọgbẹ́ níbẹ̀. Nínú ìtàn rẹ̀, ọmọ yunifásítì kan tí ń jẹ́ Mandella ni wọ́n fi tipátipá mú wọṣẹ́ ogun, wọ́n rán an lọ jà ní ọ̀nà jínjìn láàárín àwọn ìràwọ̀. Nítorí eré tí ọkọ̀ wọn ń sá, oṣù díẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún nílé. Bí ó bá ti padà, ọjọ́ ti lọ lórí àwọn tí ó fi sílẹ̀. Èdè ti yí, owó ti yí, ìlú kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ní ìgbẹ̀yìn, lẹ́yìn ohun tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún, ó gbọ́ pé àìgbọ́ra-ẹni-yé ni ó dá ogun náà sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

A kò mọ ìwé mìíràn tí ó mú wa rántí àwọn bàbá tí wọ́n lọ sí Bọ́mà bí èyí. Nínú ogun àgbáyé kejì, wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Nàìjíríà sínú ẹ̀ka ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ti 81 àti ti 82, láti lọ bá Japan jà nínú igbó Bọ́mà. Ẹni tí ó bá dàgbà tó yóò rántí irú bàbá bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò rẹ̀: èyí tí ń jókòó lábẹ́ igi, tí ń sọ gbólóhùn èdè kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́, tí àwa ọmọdé sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Biyi Bandele, tí bàbá tirẹ̀ lọ sí ogun náà, kọ ìwé nípa wọn ní 2007, Burma Boy ni ó pè é. A ti ra ẹ̀dà méjì. Ìbá wù wá kí a ti kà á nígbà tí bàbá abẹ́ igi ṣì wà láyé.

Ìwé tí bàbá wa gbé sókè ní ìpàdé gan-an ni War Girls tí Tochi Onyebuchi kọ ní 2019. Ọdún 2172 ni ìtàn náà ṣẹlẹ̀, ní ilẹ̀ Nàìjíríà wa yìí. Biafra àti Nàìjíríà ṣì ń jà. Ọmọbìnrin méjì, Onyii àti Ify, tí wọ́n mú ara wọn bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, wà ní ibùdó kan tí wọ́n fi pamọ́ sínú igbó. Ogun já wọn sọ́tọ̀, ọ̀kan bọ́ sí apá kan, èkejì bọ́ sí apá kejì. Ẹ̀rọ ńláńlá wà níbẹ̀, apá irin wà níbẹ̀. Bí a bá sì yọ gbogbo irin náà kúrò, ogun 1967 sí 1970 ni ó kù, èyí tí a kò kọ́ wa ní kíláàsì, tí àwọn òbí wa sì ń fi ọwọ́ bo ẹnu lé lórí. Ìwé náà gùn ju bí ó ti yẹ lọ ní àárín, àwọn ìjà kan nínú rẹ̀ sì jọra. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó kà á tán béèrè lọ́wọ́ wa bóyá òótọ́ ni pé irú ogun bẹ́ẹ̀ ti jà rí. Ọmọ SS2 ni, ó sì ti gba ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

A ti sọ pé ìbínú bàbá wa ní ìdí. Ìdí náà ni èyí. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, àwọn agbébọn dá àwọn ọba mẹ́ta lọ́nà ní agbègbè wa yìí. Wọ́n pa Onímòjò àti Ẹlẹ́sùn, ẹnìkẹta ni Ọlọ́run yọ. Ní ọjọ́ kan náà, ní Ẹmùrẹ́, wọ́n jí àwọn ọmọ ilé-ìwé àti olùkọ́ wọn gbé nínú ọkọ̀ tí ń gbé wọn relé. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí àwọn ọmọ náà tó padà. Láti ìgbà náà, àwọn àgbẹ̀ kan kò dé oko ọ̀nà jínjìn mọ́; iṣu wà nílẹ̀, ẹni tí yóò wà á kò sí. Bàbá tí ó dìde ní ìlà kẹta wà lára wọn. Ẹni tí igbó ti di ẹ̀rù fún ní òótọ́, tí ó wá rí igbó àti ìbọn nínú ìwé lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ nílé, a kò lè bá a wí pé ó pariwo.

Ohun tí ó yà wá sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ni èyí: àwọn ọmọ ti mọ̀. Kò sí ìwé tí a lè tì mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù tí yóò mú wọn gbàgbé. Nígbà tí a lọ ka ìwé pẹ̀lú àwọn ọmọ SS1 ní sáà tí ó kọjá, a ka ibi tí àwọn ọdẹ ti kó ara wọn jọ láti lọ sí Òkè Láńgbòdó. Ọmọbìnrin kan nawọ́. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí gbogbo àwọn akọni bá lọ, ta ni ó ń ṣọ́ ìlú?” Àwọn yòókù kò rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìgbà náà ni olùkọ́ wọn sọ fún wa pé ọdẹ ni bàbá ọmọ náà, ó sì ti wọ ẹgbẹ́ Àmọ̀tẹ́kùn; òru mélòó kan lọ́sẹ̀ ni kì í sùn nílé. Wákàtí kan tí ó kù ni a fi sọ̀rọ̀ lórí ìbéèrè yẹn. Àwọn ọmọ tí kì í lanu ní kíláàsì sọ̀rọ̀. Ọ̀kan sọ ti ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tí kò lọ sí oko mọ́. Ẹ̀rù ń bà wá pé kò sí ibòmíràn tí ẹnikẹ́ni ti bi wọ́n léèrè rí.

Nípa ti ìdánwò, tí ìyá kan fi kún un pé ìwé WAEC nìkan ni ó yẹ kí a máa rà, a ti ra ìyẹn náà, ó wà níbẹ̀, eruku kò sì sí lára rẹ̀. A gbà pẹ̀lú àwọn òbí lórí ohun kan. Nínú àwọn ìwé tí àwọn ènìyàn fi ta wá lọ́rẹ, àwọn kan wà tí pípa ènìyàn jẹ́ àríyá nínú wọn, tí a kì í rí ẹni tí ń sunkún òkú, tí ọ̀tá kò sì ní ju kí ó wó lulẹ̀ lọ. Páálí kan àti ààbọ̀ ni a yọ, a kò sì kábàámọ̀. Àwọn tí ó le díẹ̀, a fi sí pẹpẹ òkè fún àwọn SS nìkan. Bí bàbá wa bá fẹ́ bá wa jókòó yan èyí tí yóò wà ní òkè àti èyí tí yóò wà ní ìsàlẹ̀, àga rẹ̀ ti wà nílẹ̀, a ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tọkàntọkàn.

A ń bọ̀ fún àjọ̀dún pẹ̀lú páálí mẹ́ta. Ògbójú Ọdẹ márùn-ún wà nínú rẹ̀, nítorí èyí tí ó wà níbẹ̀ ti já ní ẹ̀yìn, Igbó Olódùmarè mẹ́ta, Ọmọ Olókùn Ẹṣin ti Adébáyọ̀ Fálétí, Wells méjì, Haldeman kan tí ọ̀kan nínú wa kò fẹ́ fi sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àtùpà oní-sólà mẹ́fà wà pẹ̀lú wọn fún àwọn tí ń gbé inú ọgbà. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa tí ẹ bá ní ìwé láti fi kún un, a ó pàdé ní Ìkọ̀lé ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, kí a lè jọ tò tẹ̀lé ara wa wọ Òkè-Ako nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá nìkan gba ọ̀nà náà.